Ẹ Jẹ́ Kí Pátákó Bá Ọkọ̀ Díje

Gbogbo ẹni tó wà níbi ìdíje ọkọ̀ ojú omi kékeré tí ẹgbẹ́ wa ṣe ní sáà kejì ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gé koríko ìjìyà lọ́jọ́ náà (ẹ mọ ara yín) lè má mọ̀, torí náà ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Mo gbé ohun kan wá síbi ìdíje yẹn. Kì í ṣe ọkọ̀. Pátákó pẹlẹbẹ ni, kò gùn ju rúlà lọ. Mo fi ọ̀rá ṣe ìgbòkun rẹ̀, mo sì fi lẹbẹ kan sí abẹ́ rẹ̀ bíi ti ẹja. Ọkọ̀ márùn-ún ló bá a díje, ó borí mẹ́rin nínú wọn. Wọ́n wá ní kò kà. Wọ́n ní kì í ṣe ọkọ̀ Yorùbá, pé nǹkan òyìnbó ni. Ní báyìí, wọ́n ti kọ ọ́ sínú òfin ìdíje pé ohunkóhun tí a bá máa gbé wá gbọ́dọ̀ rí gbọọrọ bí ọkọ̀ àwọn apẹja.

Kì í ṣe ẹ̀bùn ni mò ń sunkún lé lórí o. Páálí bísíkíìtì kan ni ẹ̀bùn náà, àwọn tó gbà á sì ti jẹ ẹ́ tán kí agogo prep tó lù. Òfin yẹn ló ń dùn mí. Mo rò pé kò dáa, mo sì fẹ́ sọ ìdí tí mo fi rò bẹ́ẹ̀.

Ní Kérésìmesì tó kọjá, bùrọ̀dá mi tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Àwọn èèyàn dúró lórí pátákó lójú òkun, kálukú di igi ìgbòkun rẹ̀ mú, wọ́n sì ń sáré bí ẹni gun ọ̀kadà. Kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí àjẹ̀. Atẹ́gùn nìkan ni. Wọ́n gbé àwọn àmì ńláńlá tó léfòó sójú omi. Wọn á sáré lọ bá àmì kan, wọn á yí i po, wọn á tún sáré lọ bá òmíràn lódìkejì. Ìdíje yẹn ni wọ́n ń pè ní slalom. Bùrọ̀dá mi ní àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa máa ń sá ju 60 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Mo ní irọ́ ni. Bọ́ọ̀sì tó gbé wa wá sí Zaria gan-an, ìgbà mìíràn wà tí kò sá tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bí pátákó náà ṣe rí. Bàbá mi àgbà ń gbé ní Èpẹ́, létí ọ̀sà, inú ọkọ̀ ni wọ́n dàgbà sí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ fún wa ni pé ọkọ̀ tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń yára, pé èyí tó kúrú tó fẹ̀, ẹrù ni wọ́n fi ń kó. Ṣùgbọ́n pátákó slalom kúrú, ó sì fẹ̀. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 2.3 lọ. Fífẹ̀ rẹ̀ lè jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, ó lè tó 80 tàbí kó lé díẹ̀. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù wa tóbi tó o! Báwo ni ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ṣe máa wá yára ju ọkọ̀ lọ?

Bàbá mi àgbà kò parọ́. Ọkọ̀ tó jókòó sínú omi gbọ́dọ̀ máa ti omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó lè kọjá. Omi tó ń tì yẹn á di ìgbì níwájú rẹ̀. Bí ó bá ṣe ń yára sí i ni ìgbì náà ṣe ń gùn sí i, títí ìgbì á fi gùn tó ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ńṣe ni ọkọ̀ á dà bí ẹni tó fẹ́ gun òkè tí òkè náà sì ń bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ gígùn fi sàn. Tí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ọkọ̀ tó gùn tó mítà 10 máa bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìṣòro yìí ní nǹkan bíi 14 kìlómítà ní wákàtí kan. Pátákó tó jẹ́ mítà 2.3 máa rí i ní nǹkan bíi 7 péré. Ẹni tó ń sáré lẹ́sẹ̀ máa ń yára ju ìyẹn lọ.

Ṣùgbọ́n pátákó kì í dúró sínú omi. Ó máa ń gun orí omi ni. Ẹ rántí òkúta pẹlẹbẹ tí a máa ń jù sójú omi tó máa ń ta pọ́n-ún, pọ́n-ún, pọ́n-ún kó tó rì. Bí abẹ́ pátákó bá tẹ́jú, tí kò wúwo, tí atẹ́gùn sì fà á dáadáa, omi tó ń gbá abẹ́ rẹ̀ á tì í sókè. Á fò kọjá ìgbì tirẹ̀, ìwọ̀nba ìdí rẹ̀ nìkan ló máa kù lójú omi. Nígbà tí mo fi fídíò náà han bàbá mi àgbà, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Háà, ó ti gbéra." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mò ń lò láti ọjọ́ náà. Pátákó tó kúrò nínú omi bọ́ sórí omi, ó ti gbéra nìyẹn.

Nígbà tí a padà dé ilé ìwé ní oṣù kìíní ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tèmi. Fóòmù funfun tí wọ́n máa ń fi di tẹlifíṣọ̀n tuntun nínú páálí ni mo fi ṣe é. Ẹ máa rí i pé ọyẹ́ ti mú gan-an nígbà yẹn, atẹ́gùn ń bọ̀ láti ìhà àríwá, ó ń gbọn àwọn igi dóńgóyárò tó wà ní GRA yìí, ètè gbogbo wa sì ti bẹ́. Àwọn èèyàn ń bú ọyẹ́, inú tèmi ń dùn sí i. Táńkì sìmẹ́ńtì gbọọrọ tí a ti ń pọn omi sí ọgbà ni mo fi ṣe òkun. Ó ju 700 kìlómítà lọ ní ọ̀nà mọ́tò láti Zaria dé etí òkun l'Ékòó, torí náà ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe kò dáa rárá. Mo fi sáńpépà ha gbogbo etí rẹ̀ kó lè rí róbótó, kó lè rẹwà. Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń wọ́ bí ẹni tí ẹrẹ̀ gbá ní bàtà. Omi kò fi í sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń lo bẹ́ẹ̀dì alájà méjì ló ràn mí lọ́wọ́, òun kò sì mọ̀ pé òun ràn mí lọ́wọ́. Ó ń fọ ṣíbí níbi ẹ̀rọ omi lẹ́yìn ilé ìjẹun, ó ń fi ṣeré. Ẹ̀yin náà ẹ lọ ṣe é wò. Ẹ fi ìka méjì di ìrù ṣíbí mú kó máa rọ̀ dirodiro, ẹ wá jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí róbótó fara kan omi tó ń dà. Ẹ máa rò pé omi á tì í kúrò. Rárá o, omi á fà á mọ́ra ni. Ohun kan náà ló fà á tí ògì fi máa ń gba ara kọ́ọ̀bù sọ̀kalẹ̀ sí aṣọ funfun wa tí a bá ń dà á díẹ̀díẹ̀. Ara tó bá rí róbótó, omi máa ń lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe pátákó slalom fi máa ń jẹ́ kí etí ìdí rẹ̀ mú bíi ti àpótí, kí omi lè já kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Iwájú nìkan ni wọ́n máa ń gbé sókè díẹ̀ kó má bàa kó sínú ìgbì. Láti àárín dé ìdí, abẹ́ rẹ̀ máa ń tọ́ gbọnrangandan. Wọ́n tún máa ń gé díẹ̀ kúrò lábẹ́ ìdí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kí ibi tó ń fara kan omi lè dín kù. Mo mú abẹ ìfárí (mo gba àṣẹ lọ́wọ́ olùkọ́ kí n tó lò ó, ẹ má fẹjọ́ mi sùn), mo fi tún ìdí tèmi ṣe. Ọjọ́ yẹn gan-an ló kọ́kọ́ gbéra.

Ṣùgbọ́n bó ṣe gbéra tán, ẹ̀gbẹ́ ló ń rìn sí bí akàn. Lẹbẹ ló kù. Mo gé rúlà oníke kan tó ti kán, mo gún un mọ́ abẹ́ ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ lẹbẹ yẹn ju kó kàn jẹ́ kí pátákó máa lọ tààrà lọ. Ẹ wo kóró máńgòrò tútù. Tí ẹ bá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, ńṣe ló máa ta yọ síwájú, bẹ́ẹ̀ ìka kankan kò tì í síwájú. Atẹ́gùn tó ń ti ìgbòkun láti ẹ̀gbẹ́ ni ìka kan. Omi tó ń ti lẹbẹ láti òdìkejì ni ìka kejì. Pátákó ni kóró. Lẹbẹ tòótọ́ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30 sí 50. Bí ìgbòkun bá ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni lẹbẹ náà gbọ́dọ̀ tóbi tó.

Fífẹ̀ pátákó náà ní ìdí. Ẹni tó gùn ún kì í dúró sáàárín. Etí pátákó ni okùn tó ń kẹ́sẹ̀ bọ̀ wà, á wá nara sẹ́yìn síta kí ìgbòkun má bàa gbé e ṣubú. Bí pátákó bá ṣe fẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe lè gbé ìgbòkun ńlá tó. Tí atẹ́gùn kò bá pọ̀, wọ́n á lo èyí tó fẹ̀ pẹ̀lú ìgbòkun tó lè tó mítà 9 níbùú lóròó. Tí atẹ́gùn bá le, wọ́n á mú èyí tó kéré. Ẹni tó bá gbé èyí tó fẹ̀ jáde nínú ìjì, atẹ́gùn á wọ abẹ́ rẹ̀, á sì sọ ọ́ nù bí ewé.

Ibi tí mo ti wá gbádùn ọ̀rọ̀ yìí jù rèé. Kò sí pátákó kan tó yára jù níbi gbogbo. Ní Lüderitz, ní orílẹ̀-èdè Nàmíbíà, nílẹ̀ Áfíríkà wa níbí, wọ́n gbẹ́ odò tóóró kan sétí òkun fún eré sísá nìkan. Atẹ́gùn ibẹ̀ le, omi inú odò náà sì tẹ́jú. Níbẹ̀ ni Antoine Albeau, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti sá 98.66 kìlómítà ní wákàtí kan lórí pátákó àti ìgbòkun ní oṣù kọkànlá ọdún 2015. Irú pátákó tí wọ́n ń lò níbẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kò fẹ̀ tó ìdajì mítà. Tí ẹ bá gbé e lọ síbi ìdíje slalom, á fìdí rẹmi, torí pé níbẹ̀ o gbọ́dọ̀ yí àmì po, o gbọ́dọ̀ tún gbéra kíákíá lẹ́yìn tí o bá yí tán. Ẹni tó sáré dé ibi àmì ṣùgbọ́n tí pátákó rẹ̀ rì nígbà tó ń yí, gbogbo èèyàn ló máa kọjá lára rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣe pátákó slalom máa ń yọ díẹ̀ kúrò nínú eré sísá láti fi ra yíyí.

Ó tún kan ọ̀rọ̀ ìdíje tiwa. Mo ní pátákó mi borí ọkọ̀ mẹ́rin. Ọkọ̀ karùn-ún ńkọ́? Ó nà mí. Ọmọ JSS1 kan ló ni ín, igi ló fi gbẹ́ ẹ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì dán. Nígbà tí ó kan èmi pẹ̀lú rẹ̀, atẹ́gùn ti rọlẹ̀. Pátákó mi kò lè gbéra, ó kàn jókòó sójú omi bí ọ̀bọ tó ń wo fọ́tò, ọkọ̀ rẹ̀ sì ń lọ jẹ́jẹ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ bàbá mi àgbà ló ṣẹ mọ́ mi lára níṣojú gbogbo èèyàn. Ẹ wá wò ó: ká ní wọ́n jẹ́ kó kà, ọmọ JSS1 yẹn ì bá sọ pé ọkọ̀ òun na pátákó. Òfin yìí gba ìyẹn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ bíi tirẹ̀ nìkan ló wá nà lórí ìwé.

Ó ku ọ̀rọ̀ pé nǹkan òyìnbó ni. Lóòótọ́, ní Amẹ́ríkà ni Jim Drake àti Hoyle Schweitzer ti lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní 1968 pé àwọn ló ni irú pátákó bẹ́ẹ̀. Wọ́n so òpó ìgbòkun mọ́ ọn lọ́nà tó fi lè tẹ̀ síbikíbi, tó fi jẹ́ pé títẹ ìgbòkun síwájú tàbí sẹ́yìn ni wọ́n fi ń darí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ ní Ìlú Ọba, ẹ̀rí jáde pé ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Peter Chilvers ti ṣe irú rẹ̀ ní 1958 fún eré ara rẹ̀, ó sì ń gùn ún létí omi ní Hayling Island. Ọmọ ọdún 12 ni! Ilé ẹjọ́ kò sọ pé eré ọmọdé ni, pé kó lọ jókòó. Ní 1985, wọ́n dá a láre pé ohun tí ọmọ yẹn ṣe kà, ìwé ẹ̀tọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà sì bọ́ ní Ìlú Ọba. Mo fi ọdún kan ju Chilvers lọ, ẹgbẹ́ tèmi sì ní tèmi kò kà.

Tí ẹ bá sì ní ká lọ sẹ́yìn sí i, ọ̀kan nínú àwọn ará Jámánì tó wá sí etí òkun Gánà ní àwọn ọdún 1640, Michael Hemmersam, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn òbí níbẹ̀ máa ń so ọmọ mọ́ pátákó sínú omi kí wọ́n lè kọ́ wíwẹ̀. Ní àwọn ọdún 1830, òyìnbó mìíràn, James Alexander, rí àwọn ọmọkùnrin ní Àkúrà tí wọ́n dùbúlẹ̀ lórí pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń gun ìgbì wá sétí òkun. Mo mọ̀ pé Àkúrà kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ọmọ adúláwọ̀ lórí pátákó lójú omi, kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ wọn.

Ọkọ̀ tí ẹ pè ní tiwa ńkọ́? Ẹ lọ wo ọ̀sà Èkó, ẹ máa rí ọkọ̀ tí wọ́n gán àpò ìrẹsì pọ̀ fi ṣe ìgbòkun. Ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ló hun àpò yẹn. Ní Èpẹ́, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì pọ̀, ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti kó ẹ́ńjìnnì náà wá. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún àwọn apẹja pé ọkọ̀ wọn kì í ṣe ti Yorùbá mọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa ṣàlàyé fún mi pẹ̀lú sùúrù pé torí èdè ni ìdíje náà ṣe wà, kí a lè mọ orúkọ àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Yorùbá. Mo gbà bẹ́ẹ̀, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀yà ara ọkọ̀, inú ìwé ni mo ti kà á, mo sì ti gbàgbé ìdajì. Orúkọ ti pátákó, ńṣe ni mo wá a. Mo lọ wo inú Bíbélì kí n tó rántí lẹbẹ. Mo pe bàbá mi àgbà lórí fóònù ọ̀gá họ́sítẹ́ẹ̀lì kí n tó mọ̀ pé ìgbòkun ni, mo ti ń pè é ní aṣọ ọkọ̀ tẹ́lẹ̀. "Gbéra" kò sí nínú ìwé kankan fún ohun tí mo ń lò ó fún, ẹnu àgbàlagbà tó mọ omi ló ti jáde wá. Etí ìdí tó mú yẹn, mi ò tíì rí orúkọ fún un títí di òní. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó jọ̀ọ́ sọ fún mi. Èwo ló kọ́ mi ní Yorùbá jù nínú méjèèjì?

Kápúténì ẹgbẹ́ ní tí mo bá ní òfin tó dáa jù, kí n kọ ọ́ wá. Ó nìyí. Kí ohunkóhun tí atẹ́gùn lè gbé lójú omi lè díje, bó ti wù kó rí, tí ẹni tó ṣe é bá lè dárúkọ gbogbo ara rẹ̀ ní Yorùbá níwájú àwọn onídàájọ́. Ibi tí orúkọ kò bá sí, kó fún un lórúkọ, kó sì sọ ìdí. Kí a sáré lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ní àárọ̀ kùtùkùtù tí atẹ́gùn kò tíì jí, ẹ̀ẹ̀kan ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa. Kí a so ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì kí gbogbo èèyàn lè rí bí atẹ́gùn ṣe le tó, kó má di pé a ń jiyàn lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ JSS1 yẹn ti ní òun ń gbẹ́ ọkọ̀ tuntun de oṣù kìíní. Pátákó mi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ti ń ṣe ìkejì tó fẹ̀ jù ú lọ nítorí àárọ̀ kùtùkùtù.